Arthington: Ìlú Àgbẹ̀ ní Ẹ̀yìn Monrovia

Láyé àtijọ́, ẹni tí ó bá fẹ́ lọ sí àwọn ìlú àgbẹ̀ tí ó wà lẹ́yìn Monrovia kò ní ọ̀nà tí ó dára ju ojú omi lọ. Láti èbúté Monrovia ni yóò ti wọ ọkọ̀ ọlọ́pọ́n. Yóò gba inú omi tóóró kan tí a ń pè ní Stockton Creek, láàárín igbó ẹ̀gbà àti ẹrẹ̀ dúdú, títí yóò fi yọ sí odò ńlá St. Paul. Láti ibẹ̀ lọ sí òkè, ilẹ̀ a máa ga díẹ̀díẹ̀, iyọ̀ a máa dín kù nínú omi, ìlú a sì máa tẹ̀lé ìlú ní bèbè odò náà lọ́tùn-ún àti lósì: Caldwell, Virginia, Clay-Ashland, Louisiana, Millsburg. Nígbà tí ó bá fi máa dé ibi tí àpáta ti dí odò, tí ọkọ̀ kò fi lè kọjá mọ́, ó ti fi Monrovia sílẹ̀ tó bí 20 máìlì. Ní agbègbè yìí ni Arthington wà. Kò sí ní etí odò gan-an bí àwọn ìyókù. Ẹ̀yìn wọn ni ó wà, ní ilẹ̀ tí ó ga díẹ̀, níbi tí igbó ti ṣú.

Orúkọ àwọn ìlú wọ̀nyí lè ya òǹkàwé lẹ́nu. Nígbà tí ogun tú àwọn Ẹ̀gbá ká, tí wọ́n sì tẹ Abẹ́òkúta dó ní nǹkan bí 1830, olúkúlùkù ìlú gbé orúkọ rẹ̀ dání wá: Kémta, Ìtòkò, Ìgbẹ̀ìn. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn aláwọ̀ dúdú tí ó ti Amẹ́ríkà dé ṣe. Ṣùgbọ́n ilé tí wọ́n fi sọ ìlú wọn tuntun lórúkọ ni ilẹ̀ tí a ti fi wọ́n ṣe ẹrú. Clay-Ashland gba orúkọ Henry Clay, olóṣèlú ńlá Kentucky tí ó ní ẹrú púpọ̀, ó sì gba ti oko rẹ̀ tí ń jẹ́ Ashland mọ́ ọn. Arthington ni ti rẹ̀ yàtọ̀. Orúkọ ọkùnrin ará Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan ni ó ń jẹ́, ẹni tí kò fi ojú kan ìlú náà títí ó fi kú.

Òjò ni ọba ilẹ̀ náà. Monrovia wà lára àwọn olú-ìlú tí òjò ń rọ̀ sí jù lọ ní gbogbo ayé; omi tí ń rọ̀ síbẹ̀ lọ́dún kan ju ìlọ́po méjì ti Èkó lọ. Ilẹ̀ tí òjò ń fọ̀ báyìí kì í pẹ́ ṣá, nítorí náà àwọn tí wọ́n ti ń gbé ibẹ̀ ṣáájú mọ bí a ti ń fi ọgbọ́n bá a lò. Wọ́n a ṣá igbó, wọ́n a sun ún, wọ́n a gbin ìrẹsì orí òkè tí kò nílò àbàtà. Lẹ́yìn ọdún kan tàbí méjì wọ́n a fi gbágùúdá kún un, wọ́n a sì fi ilẹ̀ náà sílẹ̀ kí ó tún di igbó. Àwọn Dei ni wọ́n wà ní etíkun àti ní ìsàlẹ̀ odò. Àwọn Gola wà lẹ́yìn wọn ní òkè. Àlejò tí ó bá dé a máa rí àyè dáko lọ́dọ̀ wọn bí ó bá mọ onílẹ̀ ní onílẹ̀. Ohun tí Yorùbá ń pè ní ìṣákọ́lẹ̀ kò ṣàjèjì sí irú àṣà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ènìyàn fi ọwọ́ sí ìwé kan ṣoṣo kí ilẹ̀ baba rẹ̀ sì bọ́ títí láé, èyí kò sí nínú ohun tí wọ́n mọ̀.

Ohun tí ó sì dé bá wọn nìyí. Ní oṣù kejìlá ọdún 1821, Eli Ayres, tí ó jẹ́ oníṣègùn, àti Robert Stockton, ọ̀gá nínú àwọn ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà, wá bá ọba tí àwọn òyìnbó ń pè ní King Peter pẹ̀lú àwọn ìjòyè mìíràn, wọ́n ní àwọn fẹ́ ra Cape Mesurado. Ìtàn tí gbogbo ará Làìbéríà mọ̀ ni pé ìbọn ìléwọ́ ni Stockton nà sí ọba náà kí ọ̀rọ̀ tó yanjú. Ìbọn, ẹ̀tù, tábà, ọtí, ìlẹ̀kẹ̀ àti agboòrùn wà lára ohun tí a kó fún wọn. Owó gbogbo rẹ̀ kò ju nǹkan bí 300 dọ́là lọ. Ẹgbẹ́ kan tí a dá sílẹ̀ ní Washington ní 1816, tí ń jẹ́ American Colonization Society, ni ó wà nídìí ọ̀ràn náà. Inú ẹgbẹ́ yìí kò ṣọ̀kan rárá. Àwọn kan nínú wọn rò pé oore ni àwọn ń ṣe fún ìran ẹni tí a kó lẹ́rú. Àwọn mìíràn, tí wọ́n ní ẹrú nílé, kò fẹ́ kí ẹrú wọn máa rí aláwọ̀ dúdú tí ó ti dòmìnira, kí ojú rẹ̀ má baà là. Ohun kan ṣoṣo tí ẹnu wọn kò lé lórí ni pé kí àwọn ènìyàn náà ṣáà lọ.

Kí Arthington tó dáyé, àwọn mìíràn ti gbìyànjú iṣẹ́ oko ní agbègbè náà. Ó yẹ kí a mẹ́nu kan New Georgia, nítorí àwọn ènìyàn tí ó wà níbẹ̀ kò jìnnà sí wa. Ní 1827, ọkọ̀ Norfolk kó bí 130 ènìyàn dé láti ìpínlẹ̀ Georgia. Inú ọkọ̀ ẹrú Antelope ni a ti gbà wọ́n ní 1820. Ọdún méje ni ilé ẹjọ́ Amẹ́ríkà fi ń jiyàn bóyá ẹrú ni wọ́n tàbí òmìnira, a sì ń fi wọ́n ṣiṣẹ́ ní gbogbo àkókò àríyànjiyàn náà. Ìgbò àti Kóńgò ni ó wá pọ̀ jù ní ìlú náà, olúkúlùkù sì ní apá tirẹ̀ níbẹ̀. Oúnjẹ ni wọ́n ń gbìn, wọ́n ń la pákó, wọ́n sì ń kó wọn lọ tà ní Monrovia. Àwọn ará Monrovia, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn fẹ́ràn òwò ju ọkọ́ lọ, ń jẹ ẹ́.

Robert Arthington tí ìlú yìí ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ jẹ́ ọlọ́rọ̀ ní ìlú Leeds, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá rí i lójú ọ̀nà yóò rò pé alágbe ni. Ó jogún owó ńlá, kò sì ná an. Kò ní ìyàwó, kò ní ọmọ. Ó ń dá gbé, oúnjẹ díẹ̀ ni ó ń jẹ, ẹ̀wù rẹ̀ sì ti gbó. Ahun ni àwọn ará Leeds ń pè é. Síbẹ̀, owó tí ó fi du ara rẹ̀, Áfíríkà ni ó ń ro. Òun ni ó ran àwọn oníwàásù ìjọ Onítẹ̀bọmi lọ́wọ́ láti dé odò Kóńgò, nígbà tí ó sì kú ní 1900, ohun tí ó fi sílẹ̀ fún iṣẹ́ ìwàásù ní òkè òkun tó nǹkan bí àádọ́ta ọ̀kẹ́ pọ́n-ùn. Lẹ́yìn tí ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà parí ní 1865, tí ẹrú gbogbo sì dòmìnira, ó fi 1,000 pọ́n-ùn ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ náà kí wọ́n fi kó àwọn tí ó bá fẹ́ lọ sí Làìbéríà.

Owó yìí ni a fi kó àwọn àkọ́kọ́. Bí 80 ènìyàn láti Bertie County ní North Carolina, tí Alonzo Hoggard jẹ́ olórí wọn, wọ ọkọ̀ Golconda ní oṣù kọkànlá ọdún 1869, wọ́n sì gúnlẹ̀ ní oṣù kejìlá. Igbó ni wọ́n bá níbi tí a fi hàn wọ́n. Wọ́n ṣán an, wọ́n kọ́ ilé onípákó kéékèèké, wọ́n sì sọ ibẹ̀ ní Arthington.

Nínú gbogbo àwọn tí ó tẹ̀lé wọn, àwọn ará Clay Hill, ní York County ní South Carolina, ni ìtàn wọn yé ènìyàn jù, nítorí olórí wọn fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ níwájú ìgbìmọ̀ ilé aṣòfin Amẹ́ríkà, a sì kọ ọ́ sílẹ̀. Elias Hill ni orúkọ rẹ̀. Nígbà tí ó wà ní ọmọ ọdún méje ni àìsàn mú un lápá àti lẹ́sẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò dàgbà mọ́ láti ìgbà náà, kò lè rìn, gbígbé ni a ń gbé e láti ibì kan dé èkejì. Bàbá rẹ̀ ra ara rẹ̀ padà kúrò lóko ẹrú. Nígbà tí ó fẹ́ ra ìyàwó rẹ̀ pẹ̀lú, ẹni tí ó ni obìnrin náà ní òun kò ní tà á àfi bí yóò bá mú arọ ọmọ yìí mọ́ ọn, nítorí ẹrú tí kò lè ṣiṣẹ́, ẹrù ni. Báyìí ni àrùn sọ Elias Hill dòmìnira. Àwọn ọmọ ilé ìwé ni ó ń bẹ̀ kí wọ́n máa kọ́ òun ní lẹ́tà díẹ̀díẹ̀ títí ó fi lè kàwé. Ó wá di olùkọ́ àti oníwàásù ìjọ Onítẹ̀bọmi. Nígbà tí a sì fún àwọn aláwọ̀ dúdú ní ẹ̀tọ́ ìbò, ó di aṣáájú nínú ẹgbẹ́ tí ń kọ́ wọn bí a ti ń lò ó.

Ní òru ọjọ́ karùn-ún oṣù karùn-ún ọdún 1871, àwọn ọkùnrin tí wọ́n bo ojú dé Clay Hill. Ọmọ ẹgbẹ́ òkùnkùn Ku Klux Klan ni wọ́n. Ilé arákùnrin Elias ni wọ́n kọ́kọ́ wọ̀, wọ́n na ìyàwó ibẹ̀ kí ó lè fi ilé arọ náà hàn wọ́n. Wọ́n gbé e jáde sí àgbàlá, wọ́n fi pàṣán ẹṣin na ẹni tí kò lè dìde sá. Wọ́n ní òun ni ó ní kí a máa dáná sun ilé òwú, wọ́n ní ó ń wàásù lòdì sí àwọn, wọ́n nawọ́ ìbọn sí i, wọ́n ní àwọn yóò gbé e jù sínú odò. Wọ́n pàṣẹ pé kí ó kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn pé òun ti fi ẹgbẹ́ òṣèlú Republican sílẹ̀, kí ó sì jáwọ́ nínú ìwàásù. Kí wọ́n tó lọ, wọ́n ní kí ó gbàdúrà fún àwọn.

Ní oṣù keje ọdún yẹn ni ó sọ gbogbo èyí fún ìgbìmọ̀ náà. Ó fi kún un pé òun àti àwọn ènìyàn òun kò gbà gbọ́ mọ́ pé àwọn lè ní àlàáfíà ní ilẹ̀ tí a bí wọn sí, pé wọ́n sì ti ń kọ̀wé sí àwọn tí ń kó ènìyàn lọ sí Làìbéríà. Kì í ṣe ìbẹ̀rù nìkan ni ó wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Òmìnira ti dé láti ọdún mẹ́fà, ṣùgbọ́n kò sí ilẹ̀ lọ́wọ́ wọn. Lórí oko àwọn tí ó ti ni wọ́n rí ni wọ́n ṣì ń ṣe àáró fún ìpín díẹ̀ nínú ìkórè. Ilẹ̀ tí a ó fi ìwé rẹ̀ lé ènìyàn lọ́wọ́, tí ẹnikẹ́ni kò ní lè lé e kúrò lórí rẹ̀, ni wọ́n ń wá lọ sí òkè òkun.

Ní oṣù kọkànlá 1871, ọkọ̀ Edith Rose gbé wọn. Àwọn ará Clay Hill nínú rẹ̀ ju 130 lọ, àwọn ará Valdosta ní Georgia sì wà pẹ̀lú wọn. A gbé Elias Hill wọ ọkọ̀, a sì gbé e sọ̀kalẹ̀. Kì í ṣe ìlú tí ó rọ̀ ni wọ́n bá. Ní oṣù kẹwàá ni a ti lé Ààrẹ E. J. Roye kúrò lórí oyè nítorí 100,000 pọ́n-ùn tí ìjọba rẹ̀ lọ yá ní London, gbèsè tí ó sì ti ọ̀rọ̀ yẹn wá kò kúrò lọ́rùn orílẹ̀-èdè náà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ṣùgbọ́n ìlérí ilẹ̀ ṣẹ. Éékà 25 ni a ń fún ìdílé kọ̀ọ̀kan, éékà 10 ni a ń fún ẹni tí ó dá wà. Ẹgbẹ́ náà a sì máa bọ́ wọn fún oṣù mẹ́fà. Nínú oṣù mẹ́fà yìí ni ibà máa ń gbé gbogbo àlejò dè, àwọn mìíràn kì í sì í dìde mọ́. Elias Hill wà lára wọn. Ó kú ní 1872, kò tíì pé ọdún kan tí ó dé.

Àwọn tí ó kù, kọfí ni wọ́n gbé ọwọ́ lé. Ó yẹ kí a sọ̀rọ̀ nípa igi yìí, nítorí òun ni ó gbé ìlú náà ró fún bí ọgbọ̀n ọdún. Kì í ṣe kọfí Arábíà tí ayé ti mọ̀. Kọfí Làìbéríà jẹ́ ti igbó ilẹ̀ náà fúnra rẹ̀. Igi gíga ni, ewé rẹ̀ fẹ̀, ó sì dán, èso rẹ̀ tóbi ju ti Arábíà lọ púpọ̀. Ilẹ̀ ìsàlẹ̀ tí ó gbóná, tí òjò rẹ̀ pọ̀, tí kọfí Arábíà kò fẹ́, ibẹ̀ gan-an ni ó ti ń ṣe dáadáa. Ọdún mẹ́rin tàbí márùn-ún ni ẹni tí ó gbìn ín yóò fi dúró kí ó tó ká a. Nítorí náà, ohun tí a gbìn ní Arthington ní 1870 àti 1872 bẹ̀rẹ̀ sí í so ní nǹkan bí 1876, kò sì sí àkókò tí ó tún lè dára jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ọdún 1876 yẹn, Edward S. Morris, oníṣòwò ará Philadelphia, pàtẹ kọfí Làìbéríà níbi àfihàn ńlá tí Amẹ́ríkà fi ṣe ọgọ́rùn-ún ọdún òmìnira rẹ̀. Láti 1869 pẹ̀lú ni àrùn kan ti wọ oko kọfí ní Ceylon, tí a ń pè ní Sri Lanka nísinsin yìí. Ewé a pọ́n bí irin tí ó dógùn-ún, a sì wọ́ dànù. Àwọn òyìnbó tí ó ni oko wọ̀nyẹn gbọ́ pé kọfí Làìbéríà le ju àrùn náà lọ, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í ra irúgbìn rẹ̀ kíákíá. Àgbẹ̀ etí odò St. Paul ń ta kọfí, ó sì tún ń ta irúgbìn àti ọmọ igi. Ẹnikẹ́ni nínú wọn tí ó ronú jinlẹ̀ ní ọjọ́ náà ì bá bi ara rẹ̀ léèrè ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ nígbà tí igi wọ̀nyẹn bá so ní ilẹ̀ ẹni tí ó rà wọ́n.

Ṣùgbọ́n owó ń wọlé. Meji nínú àwọn ará Clay Hill, June Moore àti Solomon Hill, da òwò pọ̀, wọ́n di àgbẹ̀ àti oníṣòwò kọfí tí orúkọ wọn dé Amẹ́ríkà. Jefferson Bracewell, tí ó ti Georgia wá, náà di àgbẹ̀ tí a mọ̀. Ẹni tí kò ní igi kan ní South Carolina wá ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún igi ní orúkọ ara rẹ̀, ó kọ́ ilé alájà, ó sì ń rán ọmọ lọ sí ilé ìwé. Ọkọ̀ àwọn ará Jámánì láti Hamburg àti ti Gẹ̀ẹ́sì láti Liverpool ń gbé kọfí ní Monrovia. Lórí odò St. Paul fúnra rẹ̀, Clement Irons, alágbẹ̀dẹ ẹ̀rọ tí ó bá ọkọ̀ Azor wá láti Charleston ní 1878, kan ọkọ̀ tí ń fi ooru omi rìn ní 1888, èyí tí a kà sí àkọ́kọ́ irú rẹ̀ tí a kàn ní Làìbéríà. Ọkọ̀ Azor náà ní ìtàn ìbànújẹ́ tirẹ̀: 206 ènìyàn ni ó gbé, 23 nínú wọn kú lójú omi.

Ta ni ń ṣe iṣẹ́ oko wọ̀nyí? Ìbéèrè yìí ni àwọn tí ń yin àwọn ìlú etí odò náà sábà máa ń fò. Kọfí Làìbéríà kì í ṣe iṣẹ́ ẹnìkan. Igi rẹ̀ ga, àkàsọ̀ ni a fi ń ká a; èèpo èso rẹ̀ nípọn, bíbó rẹ̀ nira; igbó òjò kì í sì í jẹ́ kí oko mọ́ fún oṣù méjì. Ìdílé kan kò lè ṣe é tán. Ní 1860, ọkọ̀ ogun Amẹ́ríkà gba ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn lọ́wọ́ àwọn tí ń kó ẹrú ní òkun, láàárín oṣù díẹ̀ wọ́n sì kó ju 3,000 lọ sọ̀kalẹ̀ sí Làìbéríà. Ìjọba pín wọn sọ́dọ̀ àwọn olóko gẹ́gẹ́ bí ọmọ iṣẹ́ fún iye ọdún tí òfin là sílẹ̀. Nínú àwọn ọmọ wọn ni Morris Officer, oníwàásù ìjọ Lutheran, ti yan 40, tí ó fi bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé Muhlenberg lẹ́bàá odò náà; David Day, tí ó jẹ́ ọ̀gá ibẹ̀ láti 1874 fún ohun tí ó lé ní ogún ọdún, ní oko kọfí ńlá tí àwọn ọmọ ilé ìwé ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀. Lẹ́yìn èyí, àwọn ará oko Gola àti Kpelle ń wá ṣe alágbàṣe, wọ́n sì ń fi ọmọ wọn fún àwọn ìdílé tí ó ti Amẹ́ríkà dé. Ọmọ náà yóò máa ṣiṣẹ́ ilé àti ti oko, yóò kọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì, a ó sì sọ ọ́ ní orúkọ ìdílé náà.

Yorùbá tí ó bá gbọ́ èyí yóò rántí ìwọ̀fà. Wọ́n jọra, wọn kò sì jọra. Ìwọ̀fà mọ iye gbèsè tí òun ń sìn, ó mọ̀ pé bí a bá san án, òun yóò lọ, ilé baba rẹ̀ sì wà níbì kan tí ẹnu rẹ̀ tó ti ẹni tí ó yá a lówó. Ọmọ Gola tí a mú wọ ilé Arthington bọ́ sí ọ̀nà kan ṣoṣo: bí ó bá gbọ́n, yóò di ọ̀kan nínú wọn, bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, yóò máa ṣe iṣẹ́ wọn lọ. Ọ̀pọ̀ ni ó bá a rìn dáadáa, àwọn mìíràn jogún oko pàápàá. Àwọn tí a gbà lọ́wọ́ ọkọ̀ ẹrú, tí a ń pè ní Kóńgò, dà pọ̀ mọ́ àwọn ará Amẹ́ríkà pátápátá, tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé nígbà tí ó yá, Kóńgò ni àwọn ọmọ onílẹ̀ ń pe gbogbo wọn. Orúkọ ọmọ iṣẹ́ ni ó wá di orúkọ ọ̀gá.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Agége lè là wá lóye níhìn-ín. Ní nǹkan bí 1880, J. P. L. Davies, oníṣòwò Èkó tí òwò rẹ̀ ti dojú rú, gbin kòkó sí oko rẹ̀ ní Ìjọn lẹ́bàá Agége. Àwọn mìíràn tẹ̀lé e. Ní 1907 wọ́n dá ẹgbẹ́ àgbẹ̀ Agége sílẹ̀, J. K. Coker sì jẹ́ olórí wọn. Àwọn náà lo alágbàṣe, owó ọ̀yà wọn kò sì pọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí alágbàṣe Agége bá ń padà lọ sílé, èso kòkó wà nínú àpò rẹ̀, ilẹ̀ baba rẹ̀ sì wà tí yóò gbìn ín sí. Ọ̀nà yìí, pẹ̀lú ọ̀nà ìjọ, ni kòkó fi dé Ìjẹ̀bú, Ìbàdàn àti Oǹdó, títí tí ọ̀gá rẹ̀ fi kúrò ní Agége pátápátá. Ní odò St. Paul, kọfí kò tàn bẹ́ẹ̀. Òfin 1865 ti fi òwò pẹ̀lú òkè òkun sí èbúté mẹ́fà péré, níbi tí àwọn ará Amẹ́ríkà ti lágbára. Ìwé ilẹ̀ sì jẹ́ ti ọmọ orílẹ̀-èdè nìkan, nígbà tí a kò tíì ka Dei tàbí Gola tí ó wà nínú àṣà tirẹ̀ sí ọmọ orílẹ̀-èdè. Títí di ìgbà ìjọba Arthur Barclay, ní 1904, ni a tó bẹ̀rẹ̀ sí í kà wọ́n kún un. Àwọn ará Clay Hill sá kúrò ní ibi tí ènìyàn ti lè ṣiṣẹ́ lórí ilẹ̀ láti ìbí dé ikú láìní in. Ẹni tí ń gun àkàsọ̀ lóko wọn tuntun wà nínú irú ipò bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, bí a kò tilẹ̀ nà án.

Ìṣubú dé láti òkèèrè. Ní nǹkan bí 1896 àti ọdún tí ó tẹ̀lé e, Bràsíl kó kọfí jáde tó bẹ́ẹ̀ tí owó rẹ̀ já wálẹ̀ káàkiri ayé. Kọfí Làìbéríà, tí bíbó rẹ̀ nira, tí àwọn mìíràn kò sì fọ̀ mọ́ kí wọ́n tó tà á, ni àwọn oníṣòwò kọ́kọ́ kọ̀. Igi tí a ti ta irúgbìn rẹ̀ sì ti ń so ní Java àti Malaya. Títí di òní, kọfí Làìbéríà ni ó pọ̀ jù nínú kọfí tí Malaysia ń gbìn, àwọn ará Philippines sì fẹ́ràn rẹ̀ gidigidi. Ní ilé tí ó ti jáde, igbó bo ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀. Àwọn ọmọ àgbẹ̀ Arthington gba Monrovia lọ, wọ́n di agbẹjọ́rò, akọ̀wé ìjọba àti aṣòfin. Kò sí ẹni tí ó lè dá wọn lẹ́bi: iṣẹ́ ìjọba kì í wálẹ̀ bí iye owó kọfí. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà ni oko ti di ohun tí ẹni ńlá ń ní, tí ó ń lọ wò ní ọjọ́ Sátidé.

Rọ́bà ni ó tún dá ẹ̀mí padà sínú iṣẹ́ náà. Ní 1926, ilé iṣẹ́ Firestone ti Amẹ́ríkà gba ẹ̀tọ́ sí ilẹ̀ tí ó tó éékà 1,000,000 fún ọdún 99, ní sẹ́ńtì mẹ́fà lórí éékà kan lọ́dún. Nígbà tí oko Harbel dìde, àwọn ìdílé ìlú etí odò pẹ̀lú gbin rọ́bà sí ilẹ̀ kọfí àtijọ́, Firestone sì ń rà á lọ́wọ́ wọn. Ìbéèrè àtijọ́ nípa ẹni tí yóò ṣe iṣẹ́ tún dìde. Ní 1930, ìgbìmọ̀ tí Àjọ Àwọn Orílẹ̀-èdè gbé kalẹ̀ rí i pé àwọn aláṣẹ kan ń fi agbára kó àwọn ọmọ onílẹ̀ lọ ṣiṣẹ́, àti sí Fernando Po pàápàá; Ààrẹ C. D. B. King fi oyè sílẹ̀ ní oṣù kejìlá ọdún náà.

Kọfí, ìrèké, rọ́bà: kò sí ọ̀kan tí a lè sè jẹ nínú wọn. Ìrẹsì tí àwọn Dei àti Gola ti ń gbìn láti ìgbà láéláé kò rí ìrànwọ́ tí rọ́bà rí, Làìbéríà sì wá ń ra ìrẹsì láti òkè òkun lọ́dọọdún. Ní 1979, ìjọba Ààrẹ William Tolbert, tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ ọmọ Bensonville, ìlú àgbẹ̀ mìíràn tí kò jìnnà, dá a lábàá pé kí owó àpò ìrẹsì kan kúrò ní dọ́là 22 sí dọ́là 26, kí àgbẹ̀ ilé lè rí èrè gbìn ín. Ìmọ̀ràn náà kò burú lójú ìwé, ṣùgbọ́n ẹni tí ń jẹun ní Monrovia kò rí nǹkan kan nínú rẹ̀ bí kò ṣe ebi, àwọn ìdílé ńlá, títí kan ìdílé Ààrẹ fúnra rẹ̀, sì ní oko. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹrin, rògbòdìyàn bẹ́ sílẹ̀ ní ìgboro, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì kú. Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹrin ọdún tí ó tẹ̀lé e, Samuel Doe àti àwọn ọmọ ogun rẹ̀ pa Tolbert, ìjọba àwọn ará Amẹ́ríkà àtijọ́ sì dópin.

Ní Arthington ni a bí Charles Taylor ní 1948. Orúkọ rẹ̀ ni ayé fi mọ ìlú náà nísinsin yìí, èyí sì ṣeni láàánú. Ogun tí ó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kejìlá 1989 kó àwọn ọmọ ogun Nàìjíríà wọ Monrovia ní 1990. A dìbò yàn án sípò Ààrẹ ní 1997. Ó sá wá sí Calabar ní 2003, a mú un ní 2006, ilé ẹjọ́ fún ọ̀ràn Sierra Leone sì rán an lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún 50 ní 2012. Àwọn ìlú etí odò St. Paul fara gbá nínú ogun náà bí àwọn ìyókù. Ilé pákó àtijọ́ jóná, àwọn onílé tú ká, àwọn kan sọdá padà sí Amẹ́ríkà tí baba ńlá wọn ti wá.

Nígbà tí ogun tán, ìjà ilẹ̀ ni ó gba gbogbo agbègbè náà kan. Àwọn kan mú ìwé wá. Àwọn mìíràn tọ́ka sí ibojì àti igi tí baba wọn gbìn. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2018, Ààrẹ George Weah fọwọ́ sí Òfin Ẹ̀tọ́ Ilẹ̀, èyí tí ó ka ilẹ̀ tí ìlú kan ní nípa àṣà sí ohun ìní tòótọ́, kí ìwé wà tàbí kí ó má wà. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn ìlú bẹ̀rẹ̀ sí í rìn yí ààlà wọn ká pẹ̀lú àwọn àgbààgbà, láti fi ibi tí ilẹ̀ olúkúlùkù parí sí hàn. Òfin náà kò mú ilẹ̀ kúrò lọ́wọ́ ẹni tí ìwé rẹ̀ pé, nítorí náà kò gba éékà 25 tí a fún àwọn ará Clay Hill lọ́wọ́ ìran wọn tí ìwé rẹ̀ bá ṣì pé lọ́wọ́ wọn.